Ọkọ̀ Ti Balẹ̀

Òjò ni a jí bá lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òjò alágbára tí í fi ìjì ṣíwájú, tí í lu páànù bí ẹni tó ń jà, tí í sì í kọjá lọ. Òjò wẹliwẹli ni, èyí tí kì í pariwo, tí kì í sì í tán. Ó ti ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kùrukùru bo òkè mọ́lẹ̀ débi pé bí àjèjì bá wọ Adó láàárọ̀ yẹn, yóò rò pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ìlú wa. Aṣọ tí mo fọ̀ ṣì tutù lórí okùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Igi ìdáná ń ta omi nídìí dípò kó gbiná. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ààrò, mo ń fẹ́ná, èéfín ń bọ́ sí mi lójú, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé bí oòrùn bá lè yọjú díẹ̀, ìwọ̀nba tí èèyàn fi ń sá aṣọ ọmọ, mi ò ní bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkè-Ìlá ni ilé wa wà. Ilé alámọ̀ ni, páànù la fi bò ó. Ìyá ọkọ mi ló ni iyàrá iwájú, nítorí bàbá ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ìyàwó yìí ni ìyálé mi, òun ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan tó bá jẹ mọ́ àṣà. Àbúrò bàbá ọkọ mi wà lẹ́yìn, níbi tí àgbàlá ti yà sí ọ̀nà odò. Bàbá Sọ́jà ni a ń pè é, nítorí ó lọ sí ogun Bọ́mà, ó sì bọ̀ láàyè pẹ̀lú fìlà ológun kan tí kì í ṣí lórí àfi tó bá fẹ́ sùn tàbí tó bá fẹ́ gbàdúrà.

Èmi ni aya kékeré ilé náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo tíì bí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni. Ọkọ mi jẹ́ tíṣà. Ọdún mélòó kan kí ìjọba tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni mò ń sọ yìí, nígbà tí àwọn ìlú ń da ọwọ́ jọ láti rán ọmọ wọn lọ sí Ìlú Ọba. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà mú ọkọ mi, wọ́n ní kó lọ kọ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀.

Ìròyìn bàálù ti gba ìgboro nígbà náà. Nínú gáréèjì, nínú ìsọ̀ télọ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé ẹni tó bá wọ bàálù lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ó ti wà ní Ìlú Ọba, nígbà tí ẹni tó bá gba ojú omi yóò ṣì máa ka ọ̀sẹ̀ lórí òkun. Wọ́n ní wọ́n ń gbé oúnjẹ fún èèyàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní àga inú rẹ̀ ń nà sẹ́yìn. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Èkó ló ń parọ́ fún àwa ará oko. Èmi kò gbà á, mi ò sì kọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò tíì rí, mo máa ń jẹ́ kó dúró síbi tó wà ni.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ọjọ́ tí a jókòó sọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní:

“Ọmọ mi kò ní bá ẹyẹ du ojú ọ̀run. Omi la mọ̀ ní ulé yìí. A ń mu ún, a ń fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ti òkè já bọ́ tí kò fọ́? Igbá ẹ̀kọ pàápàá, tó bá ti orí já, ó ti tán.”

Gbogbo wa wo Bàbá Sọ́jà, nítorí òun nìkan ló ti wọ ọkọ̀ tó ju lọ́rì lọ nínú wa. Ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ọkọ̀ omi kò ní wàhálà,” ó ní. “Èmi tí mo wọ̀ ọ́ dé Bọ́mà ni mò ń sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìdí rẹ̀ kò bá ti kan ilẹ̀, orí omi ló wà. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé tiwa nígbà ogun, ó balẹ̀. A kò rí ẹnì kan fà jáde. Bí o bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ balẹ̀, má bèèrè ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ìyá ọkọ mi ní, “Tirẹ̀ kò ní balẹ̀.”

Gbogbo ilé ní, “Àmín.”

“Àti iyọ̀ rẹ̀!” Bàbá Sọ́jà ti wọ inú ìtàn, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. “Omi òkun níyọ̀ ju ọbẹ̀ ìyàwó tuntun lọ.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wò mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ mi kì í ṣẹ́kù nínú àwo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹnu kò sí ọkọ̀ omi. Mo di ẹrù fún ọkọ mi. Èlùbọ́ ni mo fi ara ṣe jù, nítorí ìyá ọkọ mi ní kò sí uṣu ní ìlú òyìnbó. Mo bẹ iṣu, mo bọ̀ ọ́, mo sá a nígbà tí oòrùn ṣì wà, mo gún un, mo jọ̀ ọ́ títí kò fi sí èérún kan nínú rẹ̀. Mo kó o sínú àpò ìdọ̀họ, mo fi òwú pupa rán ẹnu rẹ̀, kó má baà sọnù láàárín ẹrù ẹlòmíràn. Mo fi epo kún agolo kẹrosíìnì kan tí mo ti fi eérú fọ̀. Ọkọ mi wo gbogbo rẹ̀, ó ní, “Ṣé ilé ìwé ni mò ń lọ ni àbí ọjà?” Mo ní kó kó o lọ, pé ẹni tí ebi bá pa ní ilẹ̀ àjèjì kì í rántí ìwé. Ó wọ lọ́rì lọ sí Èkó. A kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ìgbà náà.

Iná tí mò ń fẹ́ láàárọ̀ òjò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lójúlé.

“Ẹ gbà mí lẹ́rù o! Ọrùn mi fẹ́ ṣẹ́!”

Ìyá Alákàrà ni. Ará apá Ọ̀yọ́ ni, ó ti ń gbé Adó kí n tó wọ ilé ọkọ, ẹnu gáréèjì ló sì ń dín àkàrà sí. Omi ń kán lára rẹ̀. Àpò kan wà lórí rẹ̀. Èmi àti ìyálé mi sáré gbà á sọ̀, a gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rí òwú pupa lẹ́nu rẹ̀.

“Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Èkó ló ní kí n gbé e wá,” ó ní, ó ń fi etí ìró nu ojú. “Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sáré lọ kó ẹrù ní Ìjàn. Ó ju àpò sílẹ̀ sínú òjò, ó ní kí n sọ fún ìyá tíṣà pé ọkọ̀ ti balẹ̀. Ó tún sọ nǹkan kan lé e, ṣùgbọ́n ó ti tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ariwo kò jẹ́ kí n gbọ́.”

Ìyá ọkọ mi ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Àwo ẹ̀wà tó ń ṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló ní ọkọ̀ ṣe?”

“Ó ní ó ti balẹ̀, ìyá.”

Obìnrin yìí kò mọ ohun tó gbé wá. Àkàrà ló mọ̀, ó sì ń ronú èyí tó fi sílẹ̀ lórí iná. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi wo àpò náà, ó wo òwú pupa, àwo ẹ̀wà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹrù ọmọ mi nìyí,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ẹrù padà wálé. Ọmọ kò padà.” Nígbà náà ló wá ké. “Ukú o! Ukú wọ ulé mi!”

Bàbá Sọ́jà jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyálé mi sọ fún un pé ọkọ̀ balẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í sí àyà. Kì í ṣe àkókò oorun, kì í sì í ṣe àkókò àdúrà. Nígbà tí àwọn ará ilé rí orí rẹ̀ ní òfìfo, wọ́n gbà pé ó parí, gbogbo wọn sì fi igbe ta.

Èmi náà, mo gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́ pé ara mi kò tutù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú mi tí kì í sáré. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá sọ fún mi pé ilé ń jó, mo máa kọ́kọ́ bèèrè pé yàrá wo ni.

Kí n tó bèèrè, ìyálé mi ti dì mí lápá mú. Aládùúgbò méjì ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ tẹ́ ẹní,” ó ní. “Ẹ mú un jókòó. Ẹ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú irun rẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí lónìí lè má mọ ohun tí irun jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ obìnrin bá kú, irun orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú. Ọwọ́ tó bá tú u ló sọ ọ́ di opó. Ẹní ni yóò jókòó lé, kò ní jáde, kò ní tà, kò ní rà. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọkọ náà wà láàyè, a jẹ́ pé wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn pè é sí ikú. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà, nítorí kò sí ẹni tó ṣe é rí. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó fi ń ṣeré. Orí ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, kì í ṣe orí tèmi.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, mo yíjú sí ìyálé mi.

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ẹ má tíì tú u.”

“Ẹ wo aya tí ojú rẹ̀ gbẹ!” Ìyálé mi wo àwọn aládùúgbò. “Ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun, irun ló ń rò! Ṣé torí pé àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í ni?”

“Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ìyá mi, irun náà á ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹrù mi ná.”

Mo kúnlẹ̀ ti àpò. Ara rẹ̀ tutù, omi ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Omi òkun nìyẹn,” aládùúgbò kan sọ, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí omi náà lè fà lẹ́sẹ̀.

Mo na ìka kan, mo fi kan ara àpò, mo tọ́ ọ wò. Mo tún fi ẹnu kan etí àpò náà fúnra rẹ̀. Ìdọ̀họ ló ń ta lẹ́nu mi, kò sí nǹkan mìíràn.

“Bàbá Sọ́jà,” mo ní, “ẹ̀yin lẹ sọ pé omi òkun níyọ̀.”

“Ó níyọ̀.”

“Ju ọbẹ̀ mi lọ.”

“Jù ú lọ fíìfíì.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tọ́ èyí wò.”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó fi sẹ́nu. Ó di ojú. Ó tún fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ọkọ mi pàápàá dá ẹkún dúró.

“Hùn,” ó ní. “Kò níyọ̀.”

“Kí ló dà bí?”

“Ó dà bí òjò.”

“Òjò ni, bàbá. Òjò ẹnu gáréèjì wa níbí.”

Mo fi eyín já òwú pupa. Èlùbọ́ tó wà lókè ti rin díẹ̀, ó ti di kókó. Mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ títí dé ìgúnpá, mo bu ẹ̀kúnwọ́ jáde. Ó gbẹ. Ó gbẹ bí ọjọ́ tí mo jọ̀ ọ́. Mo ya ọwọ́, ó kù gùù, ó gbòde, ìyá ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

“Yèyé, ẹ pẹ̀lẹ́,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí ọkọ̀ bá rì sínú òkun, ta ló wọ ibẹ̀ lọ yọ èlùbọ́? Tó bá sì yọ ọ́, ta ló sá a gbẹ? Àwa tí a wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, aṣọ ọmọ kan a kò rí sá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.”

Ìyá ọkọ mi sín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Sọ́jà dé fìlà rẹ̀ padà sórí, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dé e dáadáa, ó fi í gbé ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó lè tún ṣí i.

Ìyálé mi ló bèèrè ohun tó yẹ kí èèyàn bèèrè. “Tí kò bá kú, kí ló dé tí ẹrù rẹ̀ fi padà? Ta ní í lọ sí ìrìn àjò tí ẹrù rẹ̀ ń padà wálé?”

“Èyí ni mi ò mọ̀, ìyá mi. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà mọ̀. Ọ̀nà Ìjàn ni yóò gbà padà, ibi kan ṣoṣo ló sì ti máa ń wọ gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ dúró dè é.”

Wọ́n wo ìyá ọkọ mi. Òun ló ni ọmọ, òun ló ni ọ̀rọ̀. Ó nu imú, ó ní:

“Lọ. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí o bá padà láìsí ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu rẹ, aya mi, èmi fúnra mi ni màá tú u. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára jù lọ́dọ̀ mi kó jẹ́ òun.

Bàbá Sọ́jà bá mi lọ. A dúró lábẹ́ àtíbàbà Ìyá Alákàrà, tí kò lè wò mí lójú mọ́ nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ikú ló gbé wọlé wa. Ó fún mi ní àkàrà gbígbóná, mo jẹ ẹ́. Èèyàn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi dé gáréèjì. Àwọn èèyàn ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ lọ́rì. Oníṣòwò kan láti Ìyìn, ìlú tí wọ́n ti bí mi, tó mọ bàbá mi dáadáa, yọ orí jáde láti inú ọkọ̀ tó ti ń yí, ó ń ké sí mi pé, “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ! Olúwa á tù ọ́ nínú! Màá sọ fún wọn nílé!” Mo ju ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ó rò pé mò ń dágbére ni, ó ju ọwọ́ padà. Bí ọkọ̀ ṣe gbé ikú ọkọ mi lọ sí Ìyìn lójú mi nìyẹn, láìgba owó ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Bàbá Sọ́jà ní, “Ọ̀rọ̀ burúkú kì í dúró gba tíkẹ́ẹ̀tì.”

Ọ̀sán ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a rí ọkọ̀ Èkó náà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìjàn, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ga lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ sì bò ó dé ojú dígí. Mo bọ́ sójú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà náà, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ kan tí ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìjẹ̀bú, tẹ bíréèkì, ó sì bú mi kó tó wo ojú mi.

“Ṣé o fẹ́ kú ni? Kí lo wá ṣe sẹ́nu táyà?”

“Èmi ni ìyàwó tíṣà. Dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ wo ló balẹ̀?”

Ojú rẹ̀ yí padà, ó rẹ́rìn-ín. “Á à, ìyàwó wa! Ọkọ̀ wo kẹ̀? Èyí tó gbé e lọ ni.”

“Ó rì?”

“Ó rì bí i báwo? Èèyàn lè rì lójú ọ̀run ni?”

Bàbá Sọ́jà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. “Ojú ọ̀run wo?”

Dẹ́rẹ́bà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo èmi, ó wo bàbá. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá arúgbó kò sí níbí?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàálù ló wọ̀ lọ. Ọkọ̀ omi tó yẹ kó wọ̀ kò dé bọ̀rọ̀, ilé-ìwé tó ń lọ kò sì lè dúró dè é. Àwọn tó rán an ló ní kó gba òkè lọ. Ó sọ fún ọmọ ìlú yín tó gbà á sílé ní Èkó pé kò gbọdọ̀ dé etí ìyá òun kí òun tó dé. Nígbà tí wáyà dé pé bàálù ti balẹ̀, ó ti tẹ ilẹ̀ Ìlú Ọba, wọ́n wá ní kí n wá sọ fún yín. Èmi wá rò ó pé bí mo bá pe bàálù, àyà ìyá á já. Mo ní kí n kúkú pè é ní ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ náà ṣáà ni?”

“Kí lo sọ lẹ́yìn ìyẹn?” mo bèèrè. “Alákàrà ní o tún sọ nǹkan kan.”

“Mo ní ọkọ̀ ti balẹ̀, kí ọkàn ìyá náà balẹ̀!”

Bàbá Sọ́jà jókòó lórí táyà àlòkù kan tó wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o. Lẹ́nu ará òkun, ó jẹ́ ikú. Lẹ́nu ará òfúrufú, ó jẹ́ kí á kí ara wa kú ewu. Àwa kò tíì mọ̀ pé èdè wa ti gba àlejò.

“Ẹrù ńkọ́?” mo bèèrè. “Kí ló dé tí ẹ gbé èlùbọ́ mi padà?”

“Há! Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.” Dẹ́rẹ́bà ti rí àwọn tó máa gbọ́ ìtàn, nítorí àwọn èèyàn ti yí wa ká. “Ojú mi ló ṣe, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn dé Ìkẹjà. Kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ gorí ìwọ̀n. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ bọ́ sórí ìwọ̀n!”

“Wọ́n wọn èèyàn?”

“Wọ́n wọ̀n ọ́n bíi kòkó!”

“Gíréèdì wo ló jẹ́?” Bàbá Sọ́jà bèèrè, gáréèjì sì dàrú fún ẹ̀rín, nítorí kò sí ilé kan lágbègbè wa tí wọn kò ti mọ ohun tó ń jẹ́ kòkó gíréèdì kìíní.

“Gíréèdì kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ pè é,” dẹ́rẹ́bà ní, “àfi ìgbà tí wọ́n rí èlùbọ́. Òyìnbó tó wà níbẹ̀ ní ṣé sìmẹ́ǹtì ló fẹ́ fi kọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n ní kó yan èyí tó máa mú lọ, ìwé tàbí àpò. Ó mú ìwé.”

“Epo mi ńkọ́?”

Dẹ́rẹ́bà họ orí. “Epo… Ọmọ ìlú yín tó wà ní Èkó ní epo yẹn dùn púpọ̀.”

Mo ní kò burú. Epo tó bá dúró sẹ́nu ọmọ ìlú ẹni kò sọnù.

Nígbà tí a dé ilé, ìyá ọkọ mi wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ìyálé mi dúró tì í. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tààrà, nítorí ẹni tí ó ti sunkún láti àárọ̀ kò yẹ kí wọ́n tún fi òwe dá a dúró. Mo ní, “Yèyé, ó wà láàyè. Ó ti dé Ìlú Ọba. Bàálù ló gbé e lọ.”

Ìdùnnú ló kọ́kọ́ wá sójú rẹ̀, ìbínú wá bá a níbẹ̀.

“Ta ló gbé ọmọ mi sókè?”

“Ó ti sọ̀ kalẹ̀, Yèyé.”

“Pátápátá?”

“Pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Òun gan-an ni dẹ́rẹ́bà ń sọ. Bàálù, bí ẹyẹ ló ṣe máa ń ṣe. Tó bá ti balẹ̀, ó dé nìyẹn.”

Ó wo Bàbá Sọ́jà. “Ìwọ lo sọ pé kò gbọdọ̀ balẹ̀!”

“Ti omi ni mo sọ, ìyàwó wa! Mi ò sọ̀rọ̀ ti òkè! Ti òkè, tí kò bá balẹ̀ gan-an ló lẹ́jọ́.”

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí orí mi, ó fi ọwọ́ tẹ́ ìlà irun kan tó ti yọ díẹ̀ láàárọ̀, ó ní, “O lórí kunkun.” Kò bẹ̀ mí, mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀. Ohun tó mọ̀ pé ó tọ́ ló fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìkà. Ó wọlé lọ gbé omi kaná, èlùbọ́ tó ti rin lókè àpò la sì rò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà kó má baà bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi jẹ tirẹ̀ tán, ó ń wo òkè láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ṣé ó máa tún gùn ún padà bọ̀?”

Mo ní, “Ó ṣì pẹ́ kó tó padà bọ̀, Yèyé. Ẹ jẹ́ kó kàwé ná.”

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa pè mí lórí fóònù láti inú bàálù kó tó gbéra, wọn a tún pè mí tó bá balẹ̀. Wọ́n á ní, “Màmá, a ti balẹ̀ o,” èmi á ní, “Ẹ kú ewu.” Wọn kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ná wa nígbà kan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò tíì tán lálẹ́ yẹn, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ burúkú náà sùn. Lọ́jọ́ kejì, mo jí kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo wẹ̀, mo yọ aṣọ tó ní àwọ̀ pupa jù nínú àpótí mi, èyí tí ẹni tó bá wà lókèèrè yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe opó ló wọ̀ ọ́. Mo pọn ọmọ. Ọṣẹ àti ìṣáná ni mò ń tà nígbà náà, mo sì kó ọjà kún agbọ̀n mi dé ẹnu, nítorí mi ò rí ìdí tí mo fi máa san owó ọkọ̀ lọ sí Ìyìn lọ́wọ́ òfo. Mo wọ lọ́rì àkọ́kọ́.

Mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di gèlè, ó ti di aṣọ sí abíyá, ó fẹ́ máa bọ̀ wá bá mi ní Adó. Bàbá mi jókòó sórí igi lágbàlá, kò lọ sóko. Nígbà tí wọ́n rí aṣọ tí mo wọ̀, ìyá mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá mi sì dìde, ó mú àdá, ó lọ sóko. Bí ó ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn.

Àwọn aládùúgbò kò tíì gbọ́. Wọ́n ń wọlé ní méjì ní mẹ́ta, ojú wọn fà ro.

“Ẹ kú àráfẹ́rakù o.”

“Kò sí ará tó fẹ́ra kù níbí,” mo ní. “Ó wà ní Ìlú Ọba, ó ń kàwé. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ọṣẹ.”

Kò sí ẹni tó lè wá kẹ́dùn ẹni tó wà láàyè kó tún padà lọ láìra nǹkan kan. Kí ọ̀sán tó dé, agbọ̀n mi ti ṣófo, mo sì ti ń bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Adó yóò kọjá.